Kì í ṣe náírà nìkan ló gbówó kòkó sókè o
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Èkìtì, fọ́ísì tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé náírà tó já wálẹ̀ nìkan ló jẹ́ kí kòkó wọ́n ní 2024 yẹn, irọ́ ni. Náírà dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń díyelé kòkó lágbàáyé, tọ́ọ̀nù kan tó wà ní bíi $4,000 ní January ti kọjá $12,000 nígbà tó fi di December, ṣé náírà wa ló ṣèyẹn náà ni? Gánà àti Ivory Coast ló ń kó ju ìdajì kòkó ayé jáde, ojú ọjọ́ dà rú mọ́ wọn lọ́wọ́, àrùn swollen shoot ń pa igi wọn, àwọn igi ọ̀hún gan-an sì ti darúgbó (bíi tàwọn tó wà lóko bàbá yín l'Émùré náà), ni kòkó bá dín kù lọ́jà ayé, ló bá wọ́n.