Ibùdó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tì: kì í ṣe àìsí ọkọ̀ ló sábà máa ń pa á

Bí wọ́n bá ti ibùdó ẹ́ńjìnnì rélùwéè kan pa, ìyẹn ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń sùn, tí wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀, ohun tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́, òwò ti kú. Ẹlòmíì á ní àwọn ọ̀gá ló kórìíra ìlú náà. Ẹ jẹ́ ká fi ojú irin tó ti London lọ sí Edinburgh wò ó.

Ojú irin yẹn kò dahoro rí. Síbẹ̀, ibùdó ńlá tí àwọn ẹ́ńjìnnì eléèédú rẹ̀ ń sùn sí ní King's Cross ní London, tí wọ́n ń pè ní Top Shed, kógbá wọlé ní 1963. Finsbury Park, tí wọ́n ṣí ní 1960 fún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ló gba iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà kò pé ọdún 25 tí wọ́n fi tì í, ní 1983. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọkọ̀ kò yéé kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì eléèédú ń gbà lọ́wọ́ èèyàn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí omi inú rẹ̀ tó hó débi tí yóò fi lágbára láti fa ọkọ̀. Bó bá ti ìrìn dé, wọ́n á gbọ́n eérú ìdí rẹ̀ dànù, wọ́n á kó èédú sí i, wọ́n á fa omi kún un, wọ́n á sì gbé e sórí pèpéle tó ń yí kí wọ́n lè kọ ojú rẹ̀ síbi tó tún ń lọ. Láìpẹ́ láìjìnnà, wọ́n á ní láti pa iná rẹ̀ pátápátá kí wọ́n fọ inú àgbá omi rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè rìn jìnnà kó tó nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibùdó fi sún mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà.

Dísẹ́ẹ̀lì kò ní gbogbo wàhálà yìí. Ẹ tan án, ó ń lọ. Orí méjì ni èyí tó pọ̀ nínú wọn ní, awakọ̀ á kàn rìn láti orí kan bọ́ sí ìkejì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 22, tí wọ́n ń pè ní Deltic, ni wọ́n fi rọ́pò eléèédú 55 lójú irin Edinburgh yìí. Iye ọkọ̀ tó ń rìn kọ́ ló dín kù o, iye ẹ́ńjìnnì tó ń fà wọ́n ni.

Àwọn ọkọ̀ InterCity 125, tó dé ojú irin náà ní 1978, ló wá pa Finsbury Park. Ẹ́ńjìnnì kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, wọn kì í sì í já wọn kúrò lára ọkọ̀ lójoojúmọ́. Odindi ọkọ̀ ló ń lọ gba ìtọ́jú níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn yàrá tí èrò ń jókòó sí. Ibùdó tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì nìkan kò rí oníbàárà mọ́.

Òfin náà ń kó tiẹ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ́ńjìnnì wò fínnífínní láàárín ọjọ́ 92, ṣùgbọ́n àwọn tuntun tó ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ara wọn lè tó ọjọ́ 184. Bí àyẹ̀wò bá jìnnà síra báyìí, ilé-iṣẹ́ á fẹ́ kó iṣẹ́ jọ sójú kan. Ní 2020, Norfolk Southern, ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan níbẹ̀, kó iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì kúrò ní ìlú Roanoke lọ sí ibùdó Juniata ní ìlú Altoona. Ọkọ̀ ẹrù ṣì ń gba Roanoke kọjá.

Àìsí ọkọ̀ náà ń pa ibùdó o, n kò sẹ́ ẹ. Bí ibi ìwakùsà bá kú, ibùdó tó gbára lé e á bá a lọ. Àmọ́ ìyẹn kéré sí ohun táwọn èèyàn rò.

Èyí tó máa ń yè ni èyí tó wà nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń parí ìrìn sí lálẹ́. Bí ibùdó bá jìnnà síbẹ̀, ọkọ̀ á máa rìn lófo lọ síbẹ̀: owó awakọ̀, owó iná, àti àyè lójú irin tó yẹ kí ọkọ̀ tó gbé èrò lò. Irinṣẹ́ náà ń gba ibùdó sílẹ̀, pàápàá ẹ̀rọ tó ń fá ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn irin róbótó tó fi ń yí, láìtú u kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Bí bíréèkì bá di ẹsẹ̀ mú lórí irin tó ń yọ̀, apá kan rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì máa lu irin gbì-gbì-gbì títí wọ́n á fi fá a. Ẹ̀rọ yìí wọ́n, kò sì ṣeé ṣí kiri.

Ẹ wá wo ibùdó North Pole ní ìwọ̀-oòrùn London. Eurostar, ọkọ̀ tó ń gba abẹ́ òkun láti London lọ sí Paris, ni wọ́n kọ́ ọ fún nígbà tí ọkọ̀ náà ń gbéra ní ibùdókọ̀ Waterloo. Ní November 2007 Eurostar kó lọ sí ibùdókọ̀ St Pancras, ibùdó ìtọ́jú tuntun sì ti wà ní Temple Mills, níhà ìlà-oòrùn London. Wọ́n ti North Pole, bẹ́ẹ̀ Eurostar kò dín kù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Hitachi, ilé-iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ọkọ̀ rélùwéè, gba iṣẹ́ pé òun á máa tọ́jú àwọn ọkọ̀ tuntun tí òun kọ́ fún ojú irin tó ti Paddington ní London lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì tún ibẹ̀ ṣí. Ojú irin Paddington ọ̀hún ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ North Pole látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ.