CA-125 nìkan kò tó láti mọ jẹjẹrẹ ilé ọmọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwa obìnrin Yorùbá ní Kubwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá pátápátá, tó tún wá ń rí ẹ̀jẹ̀, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CA-125, kó fi mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni. Pé bí kò bá ti ga, kó lọ fọkàn balẹ̀.

Purotéènì ni CA-125, awọ inú ilé ọmọ tó dá ṣáṣá náà ń ṣe é. Ó lè ga nígbà nǹkan oṣù tàbí nínú oyún. Jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ kí ó má ga rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìmọ̀ràn yín.

Ohun tó ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni kí dókítà gé díẹ̀ lára awọ náà fún àyẹ̀wò. Wọ́n lè wá fi aró wá purotéènì bíi p53, PTEN àti MLH1 nínú rẹ̀. PTEN àti MLH1 máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó dá. Àìsí wọn ló ń kọ dókítà lóminú. Ti p53 tún yàtọ̀: bó bá pọ̀ lápọ̀jù, ìfura wà, bí kò bá sí rárá, ìfura ṣì wà. Ta ló wá sọ pé bí purotéènì kan kò bá ṣáà ti ga, kò séwu?

Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ jẹjẹrẹ o, àmọ́ ọ̀dọ̀ dókítà àìsàn obìnrin ni kí wọ́n gbé e lọ, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Gwagwalada. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́.