Ẹ má dá bọ́ọ̀dù kòkó padà fún wa o

Láti ọdún tí owó kòkó ti fò sókè ni àwọn kan ti ń pariwo pé kí ìjọba dá bọ́ọ̀dù kòkó padà, kó máa fi iye lé e, kí àwọn tó ń ra kòkó má baà máa rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Èmi ò sí níbẹ̀ o.

Ẹ wo Gánà. Cocobod, bọ́ọ̀dù kòkó ìjọba ibẹ̀, ló ń sọ iye tí àgbẹ̀ máa gbà, láti 1947 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà New York. Lóṣù kẹrin, Gánà fi owó kún ti àgbẹ̀, ó di cedi 33,120 fún tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là bó ṣe wà nígbà náà, bíi 2,500 ni! Wọ́n ní àwọn ti ta èyí tó pọ̀ nínú kòkó ọdún náà sílẹ̀ kí owó tó gbéra. Ó dáa, ṣé àgbẹ̀ ló ní kí wọ́n tà á? Ohun tí àgbẹ̀ ṣe ò ju fàyàwọ́ lọ: kòkó Gánà ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ Tógò àti Ivory Coast. Nílé wa níbí, lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tó ń ra kòkó ló ń lé àgbẹ̀ kiri pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

A kúkú ti jẹ irú iṣu yìí rí. Òyìnbó dá bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lọ́dún 1947, nígbà tó di 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ra kòkó ní pọ́ọ́kú, wọ́n á tà á lówó gọbọi lókè òkun, wọ́n á sì ní àwọn ń tọ́jú èlé pa mọ́ de ọjọ́ tí ọjà bá kú. Mo mọ̀ pé owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, ẹnikẹ́ni tó bá sì dé Dùgbẹ̀ á rí Ilé Kòkó. Ṣùgbọ́n owó orí tí wọn ò pè ní owó orí ni, àgbẹ̀ sì tún ń san owó orí gangan lé e. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Coker, tó wádìí owó àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, jókòó lọ́dún 1962, a gbọ́ bí owó bọ́ọ̀dù ṣe gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Lọ́dún 1968, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbẹ́kọ̀yà dìde. Owó orí ni olórí ìjà náà, àmọ́ owó kòkó tí ò tó nǹkan wà nínú ohun tó ń bí wọn nínú.

Lọ́dún 1986 ni ìjọba Babangida tú bọ́ọ̀dù ká. N kò ní purọ́, kòkó wa bàjẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, torí àwọn kan ń kó èyí tí ò gbẹ lọ sọ́jà. Gírédà, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ kòkó wò bóyá ó dáa, ló yẹ kó rí sí ìyẹn. Kò kan iye tí wọ́n ń rà á.

Ẹnìkan á ní owó kòkó ti já wálẹ̀ lọ́dún 2025, ta ni yóò gba àgbẹ̀? Ẹni tó gba owó rẹ̀ pé lọ́dún 2024 ti lè fi ra oògùn, kó gbin igi tuntun, tàbí kó kọ́lé. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá mi lójú ju èyí tí bọ́ọ̀dù lóun ń bá a tọ́jú.

Bí ìjọba bá ń wá iṣẹ́ ṣe, ọ̀nà oko wà níbẹ̀ tí mọ́tò ò lè gbà nígbà òjò. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.