Ta ló ní àdírẹ́sì ímeèlì kì í ṣe àṣírí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kọ lẹ́tà sí àwọn tó yá owó tí wọn ò tíì dá a padà. Èèyàn méjìdínlógójì ni. Ímeèlì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, olúkúlùkù sì rí orúkọ àwọn yòókù lókè lẹ́tà náà. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú ímeèlì tẹ́ ẹ fi ń bínú? Ṣé PIN báǹkì ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní àdírẹ́sì ímeèlì kì í ṣe àṣírí, ó ṣáà wà lára káàdì tí à ń pín kiri, nítorí náà kò sí aburú nínú kí a to igba èèyàn sójú To tàbí Cc, àwọn àyè lókè ímeèlì tí gbogbo ẹni tó gbà á ti ń rí àdírẹ́sì ara wọn.

Irọ́ ni. Àdírẹ́sì náà lè má jẹ́ àṣírí, àmọ́ àwọn tí wọ́n tò ọ́ mọ́ ni àṣírí. Lára káàdì, orúkọ lásán ni orúkọ mi. Láàárín onígbèsè méjìdínlógójì, ó ti di ìròyìn nípa mi, kódà bí ẹni tó kọ lẹ́tà náà ò bá dárúkọ gbèsè rárá.

Ilé ìwòsàn kan wà ní Soho, ní London, tí wọ́n ń pè ní 56 Dean Street, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gba ìtọ́jú kòkòrò HIV. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan fi ìwé ìròyìn ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbà á. Ìwé ìròyìn lásán ni, èsì àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni ò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò Bcc, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí ẹnì kejì, ojú To ló kó gbogbo àdírẹ́sì náà sí. Àdírẹ́sì 781 ni. Nínú wọn, 730 ló gbé orúkọ ẹni tó ni ín jáde ní kíkún, torí orúkọ wa náà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣí ímeèlì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn èèyàn náà ló ní kòkòrò yìí lára. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún ìyá tó bí i, tó wá rí orúkọ ara rẹ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ àjèjì, tí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ sì lè wà lára wọn. Ní 2016, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni aráàlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ICO, bu owó ìtanràn £180,000 lé àwọn tó ni ilé ìwòsàn náà lórí. PIN báǹkì ẹnikẹ́ni ò sí nínú lẹ́tà yẹn o.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gan-an wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 2021, oṣù kan lẹ́yìn tí àwọn Taliban gba Kabul, ilé iṣẹ́ ètò ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí àwọn ọmọ Afghanistan 245 tó ń wá ọ̀nà àtisá kúrò nílùú. Ojú To náà ni wọ́n to gbogbo wọn sí. Àwòrán ojú èèyàn 55 hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì wọn. Àwọn méjì fèsì padà sí gbogbo èèyàn, ọ̀kan nínú wọn sì kọ ibi tó wà sínú èsì rẹ̀. Bí lẹ́tà yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wá wọn, ikú ló kàn. £350,000 ni wọ́n fi tanràn ìyẹn ní 2023.

Àwọn kan á ní, "Bí mo bá ṣàṣìṣe, mo lè fà á padà." Gmail kì í fún èèyàn ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ. Recall, ìyẹn bọ́tìnì tí Outlook fi ń fa lẹ́tà padà, kì í sì mú lẹ́tà kúrò nínú àpótí ẹni tó ń lo Gmail tàbí Yahoo. Ẹyin lohùn, ímeèlì náà sì rèé.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, owó ilé ìwé ọmọ mi kejì fà lọ́wọ́ mi díẹ̀. Ilé ìwé náà kọ̀wé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sí èébú nínú rẹ̀, wọ́n kàn ní ká rántí owó táàmù náà. Àmọ́ orúkọ òbí mọ́kàndínlógún ló tò lọ bẹẹrẹ lókè lẹ́tà. Mo rí orúkọ bàbá kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Òun náà rí tèmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a kí ara wa, a ò lè wojú ara wa. Kí táàmù yẹn tó parí, ó ti mú ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé náà. Mi ò bi í léèrè ìdí.

Ẹni tó bá ń sọ pé òun to orúkọ àwọn onígbèsè síta kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ẹnì kan ò rẹ́ ẹnì kan jẹ, kò dá mi lójú pé ó ti jẹ gbèsè rí. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà buwọ́ lù ní 2023 náà kò fi àyè sílẹ̀ fún irú àwáwí bẹ́ẹ̀. WhatsApp ò sì yàtọ̀: ẹni tó bá kó àwọn tí kò mọra sínú group kan ti fi nọ́ńbà fóònù wọn han ara wọn. Ó dáa, mo gbà pé bí èèyàn márùn-ún tó mọra bá jọ ń ṣètò ìsìnkú, kí wọ́n rí orúkọ ara wọn ló tọ́.

Bcc gan-an ò tó fún ọ̀rọ̀ owó àti àìsàn, torí àṣìtẹ̀ kan péré ló wà láàárín òun àti To. Lọ́kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa lọ. Akọ̀wé wa ní iṣẹ́ yẹn á pọ̀ jù. Mo ti ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sílé mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn méjìdínlógójì náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni n ó máa pe orúkọ fún un.