Pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa ń jò, ẹ má tìtorí ìyẹn wó o

Èrò ọkàn mi nìyí o, kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Bàbá àgbà wa kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹ̀yìn Tákíé, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ 1958 sí iwájú rẹ̀ lókè. Nígbà tí ẹbí ṣèpàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Kékeré ní kí a wó o, kí a fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń jò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tiwa nìkan ló ń jò. Ní Poissy, nítòsí Paris, Le Corbusier yàwòrán ilé kan fún ìdílé Savoye, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1931. Ilé funfun ni, ó dúró lórí òpó tín-ín-rín bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè tó fẹ́ sọdá odò. Òrùlé pẹrẹsẹ ló ní. Òjò ń wọlé débi pé ìyá onílé fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí ayàwòrán. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, sójà Jámánì gbé ibẹ̀, sójà Amẹ́ríkà náà gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ wó o kí wọ́n fi ilẹ̀ náà kọ́ ilé ìwé. Àwọn tó mọyì rẹ̀ ló pariwo tí wọn ò fi rí i wó. Òfin dáàbò bò ó ní 1965, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2016, owó sì ni ènìyàn ń san lónìí kó tó wọ̀ ọ́. Fallingwater ńkọ́, ilé tí Frank Lloyd Wright kọ́ sórí omi tó ń ṣàn ní Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà? Òun náà ń jò! Apá ibi tó yọ sórí omi tilẹ̀ ń tẹ̀, wọ́n sì fi okùn irin fà á le ní 2002.

Ẹ ó ní ti oníṣẹ́ ńlá nìyẹn, pé bíríkìlà ló kọ́ tiwa. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo búlọ́ọ̀kù oníhò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, oòrùn kò lè jó ènìyàn, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á ya òdòdó sára ògiri. Ọgbọ́n kan náà ni Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilẹ̀ pupa yàrá òkè tí a fi pólíìṣì Cardinal kùn ní gbogbo ọdún Kérésìmesì, mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Owó òwò Tamale ni bàbá fi kọ́ ọ. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Gánà nígbà yẹn. Nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò nílùú ní 1969, inú ilé yìí ni ẹrù àti ọmọ wọn já sí. Bí a bá wó o, níbo la ó ti tọ́ka sí ìtàn yìí fáwọn ọmọ wa?

N kò ní kí ìjọba wá tì í pa o. Òfin nìkan kò tó: láti 1956 ni Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan l'Ékòó, ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ohun tí mo fẹ́ kò le. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ páànù. Ìsàlẹ̀ ti ń jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tipẹ́, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká wá ṣí pálọ̀ òkè sílẹ̀, tòun ti fọ́tò bàbá, fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilé yíyà ní yunifásítì LAUTECH àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.

Bàbá Kékeré bi mí pé, "Ta ló máa sanwó wá wo ilé wa?" N kò rí èsì fún wọn. Ṣùgbọ́n káfíńtà ń gun òkè lọ́jọ́ Sátidé láti ṣírò páànù, Bàbá Kékeré náà sì ti ní àwọn máa wá.