Kọ́ọ̀dù kì í ṣe awo o!

Ó tó gẹ́ẹ́! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń san ₦10,000 lóṣooṣù fún ẹni tó ń kọ́ mi ní jìtá ní Àkúrẹ́ yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò sì ju "ẹ fi ìka síbí, ẹ fi ìka sọ́hùn-ún" lọ. Awọ ìka mi bó, ó tún yi. Mo bi í pé kí ló dé tí kọ́ọ̀dù C, F àti G, ìyẹn àwọn ohùn tá a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fi máa ń jọ rìn. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, á yé yín tó bá yá."

Kò yá títí di àìsùn òkú tá a ṣe l'Ókè-Àró ní Sátidé. Màmá àgbà kan gbé orin, wọ́n gbé e níbi tó rọ ohùn wọn lọ́rùn. Mo tẹ C, kò bá a mu. Mo tẹ G, ó tún burú sí i. Mo ń táràrà lórí ọrùn jìtá títí ẹ̀gbọ́n mi fi ní, "Gbé e sílẹ̀, jẹ́ ká máa pàtẹ́wọ́." Lójú àna mi!

Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ló là mí lójú lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. "Bọ̀dá, tí C bá jẹ́ do, do-mi-so ni kọ́ọ̀dù C. Fa-la-do ni F. So-ti-re ni G." Mo kà á: ohùn méjèèje pé sínú kọ́ọ̀dù mẹ́ta! Abájọ tí wọ́n fi ń gbé orin ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní orí ohùn E-flat ni Màmá ti gbé orin, pé kí n de kápò, ohun tí wọ́n fi ń ká okùn jìtá mọ́lẹ̀, mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì kẹta, ìyẹn àlà irin kẹta lọ́rùn jìtá, kí n tẹ̀ ẹ́ bí ẹní tẹ C. Ó bọ́ sí i wẹ́kú.

Inú bí mi débi pé mi ò sùn. Láti kékeré ni mo ti ń kọ tẹ́nọ̀! Dò-re-mí ni tíṣà fi kọ́ wa ní àmì ohùn ní pámárì! Kí lẹ fi ń pa á mọ́ fún wa, ẹ̀yin olùkọ́ jìtá? Láàárín kọ́ọ̀dù A àti A minor, ìka kan péré ló sún sẹ́yìn ní fúrẹ́ẹ̀tì kan, torí ohùn àárín ló rẹlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ mi fi méjèèjì kọ́ mi, ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí King Sunny Adé ti jẹ́ ọmọ ọba!

Ó pè mí láàárọ̀ yìí pé owó oṣù ńkọ́. Kò sí. Kó kọ́kọ́ wá san ti oṣù mẹ́jọ mi.