Ẹ Ṣí Ìwé Owó Ìtọ́jú Sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà

Gbogbo ìgbà ni àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera l'Amẹ́ríkà ń gbé ìwádìí jáde lórí ohun tó sọ owó ìtọ́jú di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi kì í sábà yàtọ̀: ilé ìwòsàn ńláńlá àti àwọn tó ń ṣe oògùn. A ò ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìwádìí tí RAND, àjọ olùwádìí tí kì í ṣe adójútòfò, ṣe fi hàn pé lọ́dún 2022, ìtọ́jú tí Medicare, ètò adójútòfò ìjọba tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, ì bá san 100 dọ́là fún nílé ìwòsàn, nǹkan bíi 254 dọ́là ni adójútòfò aládàáni àti àwọn agbanisíṣẹ́ ń san. Ta ló jókòó dúnàádúrà iye yẹn? Adójútòfò kan náà ni.

Òfin ìlera ọdún 2010 ní kí àwọn adójútòfò ná ó kéré tán 80 sí 85 nínú gbogbo 100 dọ́là tí wọ́n bá gbà sórí ìtọ́jú. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ bí àpapọ̀ owó bá ṣe ń ga sí i ni ìyókù tó jẹ́ tiwọn ń wú.

Tó bá wá kan ìlera ará ìlú, ìwé owó tí àwọn adójútòfò san ni wọ́n fi ń wò ó nínú ìwádìí wọn. Ẹni tí kò ní adójútòfò kò sí nínú ìwé yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 èèyàn sì nìyẹn ní 2023. Aláìsàn tí dókítà ní kó lọ ṣàyẹ̀wò, tí adójútòfò ò fọwọ́ sí i, tó sì bá ilé rẹ̀ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀. Lójú ìwé, ara rẹ̀ le koko, kò náwó.

A ò ní kí wọ́n má ṣèwádìí mọ́. Àwọn ilé ìwòsàn náà ń ṣe tiwọn, adójútòfò ni wọ́n sì ń nàka sí (a ò tíì rí èyí tó nàka sí ara rẹ̀). Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ní kí gbogbo ẹni tó ń sanwó ìtọ́jú kó àkọsílẹ̀ wọn wá sójú kan, kí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2016, nínú ẹjọ́ Gobeille àti Liberty Mutual tó wá láti Vermont, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ l'Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ò lè fi dandan mú ètò ìlera tí agbanisíṣẹ́ ń fi owó ara rẹ̀ san pé kó kó àkọsílẹ̀ wá, torí ERISA, òfin àpapọ̀ ti 1974 lórí àǹfààní òṣìṣẹ́, ló ń darí rẹ̀. Abẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ju ìdajì àwọn tó ń gba adójútòfò níbi iṣẹ́ wà. Ní 2019, iléeṣẹ́ adójútòfò UnitedHealthcare náà kéde pé òun ò ní kó àkọsílẹ̀ òun fún àjọ olùwádìí HCCI mọ́.

Ilé aṣòfin àpapọ̀ ló lè tún ERISA ṣe, kí ìpínlẹ̀ lè gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó ṣe é kíákíá. Kí wọ́n yọ orúkọ aláìsàn kúrò, kí wọ́n sì fi gbogbo ìtọ́jú tí adójútòfò kọ̀, àti ìdí tó fi kọ̀ ọ́, kún àkọsílẹ̀ náà. Ní ìpíndọ́gba, owó adójútòfò ìdílé kan níbi iṣẹ́ ti di 26,993 dọ́là lọ́dún ní 2025. Àwọn tí wọ́n ń yọ owó yìí lápò wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tó ń lọ.